Dáàmù Kainji: Iná dé ìlú òkèèrè, kí ló kù fún ẹni tó ń gbé létí odò?

Ìlú Bussa àtijọ́, níbi tí àwọn ará Borgu ti gbé láti ayébáyé, kò sí lórí ilẹ̀ mọ́. Abẹ́ omi ló wà báyìí, nísàlẹ̀ adágún Kainji ní ìpínlẹ̀ Niger, lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà.

Kì í ṣe ogun ló lé àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀. Iná mọ̀nàmọ́ná ni ìjọba ń wá. Nígbà tí wọ́n sé Odò Ọya ní Kainji, tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún bo ilẹ̀, nǹkan bíi èèyàn 44,000 ló di ẹrù wọn, tí wọ́n fi ilé àti oko sílẹ̀. Ìlú tuntun tí ìjọba kọ́ fún àwọn ará Bussa là ń pè ní New Bussa lónìí.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Iná tó ń jáde láti Kainji ti dé ilé àti ilé iṣẹ́ jákèjádò Nàìjíríà, ó sì ti kọjá ààlà dé ìlú Niamey ní orílẹ̀-èdè Niger. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti pọ̀ lọ́dún kan, ọkàn àwọn àgbẹ̀ àti apẹja tó wà nísàlẹ̀ odò kì í balẹ̀, nítorí wọn kò mọ ìgbà tí omi dáàmù yóò dé.

Kí ni dáàmù ń ṣe fún ará ìlú, kí ló sì ń gbà lọ́wọ́ wọn? Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Báwo ni omi ṣe ń di iná?

Ìdídò, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní dáàmù, jẹ́ ògiri ńlá tí wọ́n fi sé odò. Omi á kó jọ sẹ́yìn ògiri náà títí yóò fi di adágún. Bí omi bá ṣe ga tó lẹ́yìn ògiri ni agbára rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó.

Omi náà á wá gba inú páìpù ńlá já wálẹ̀, á sì máa yí ẹ̀rọ kan tó ní abẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ yìí ló ń yí ẹ̀rọ mìíràn tó ń mú iná jáde. Lẹ́yìn èyí, omi á padà sínú odò, á máa bá tirẹ̀ lọ.

Kò sí epo tí wọ́n ń dáná sun, kò sì sí èéfín. Omi tó ti ṣiṣẹ́ níbì kan tún lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Omi tí Kainji bá tú sílẹ̀ ni dáàmù Jẹ́bà, tó wà ní nǹkan bíi 100 kìlómítà sí i, tún ń lò láti fi mú iná jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí odò Kaduna, níbi tí omi ti ń kúrò ní dáàmù Shiroro lọ sí ti Zungeru.

Kainji lè pèsè megawatt 760, Jẹ́bà 578, Shiroro 600, Zungeru sì lè pèsè 700. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń mú iye yìí jáde, nítorí pé ẹ̀rọ máa ń bàjẹ́, omi sì máa ń dín kù. Síbẹ̀, nínú iná ọba tí Nàìjíríà ń lò, nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń wá láti inú omi. Gáàsì ni wọ́n fi ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù wá.

Báwo ni Kainji ṣe bẹ̀rẹ̀?

Lọ́dún 1964 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó tí Nàìjíríà yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé. Ilé iṣẹ́ Impregilo láti ilẹ̀ Ítálì ló ṣáájú àwọn tó kọ́ ọ. Ọdún 1968 ni wọ́n parí rẹ̀, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́, Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì ṣí i ní oṣù kejì ọdún 1969.

Ibi tí wọ́n yàn kì í ṣe ibi tí ìtàn kò mọ̀. Ní Bussa, omi máa ń ru gùdù láàárín àpáta, ibẹ̀ sì ni Mungo Park, ará Scotland tó ń wá ibi tí Odò Ọya ń ṣàn lọ, kú sí lọ́dún 1806. Àpáta tó dẹ́rù ba àwọn awakọ̀ ojú omi nígbà náà ti wà lábẹ́ adágún báyìí.

Ẹ̀rọ 12 ni wọ́n ní lọ́kàn láti gbé sí Kainji, kí ó lè pèsè megawatt 960. Mẹ́jọ ni wọ́n gbé síbẹ̀ títí di òní. Mẹ́rin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1968, wọ́n fi méjì kún un lọ́dún 1976, wọ́n sì tún fi méjì kún un lọ́dún 1978.

Lọ́dún 2013, ìjọba àpapọ̀ fa iṣẹ́ Kainji àti Jẹ́bà lé ilé iṣẹ́ aládàáni kan, Mainstream Energy Solutions, lọ́wọ́. Ìjọba ló ṣì ni dáàmù, ilé iṣẹ́ náà ló ń ṣàkóso rẹ̀, iná tó bá sì tà ló ń mú owó wọlé fún un.

Omi funfun àti omi dúdú

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí omi Kainji fi ń dá wàhálà sílẹ̀, ẹ ní láti mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Odò Ọya máa ń kún lọ́dún ní Nàìjíríà.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní omi funfun. Òjò tó rọ̀ sí àwọn odò ìhà àríwá Nàìjíríà àti agbègbè rẹ̀ ló ń fà á, láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá. Ẹrẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi mọ́ lójú.

Èkejì ni omi dúdú. Òjò tó rọ̀ sórí òkè ní orílẹ̀-èdè Guinea ni orísun rẹ̀. Omi náà á gba Mali kọjá, á tàn ká sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó tẹ́jú níbẹ̀, oòrùn á fa púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ á sì sílẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi dé Nàìjíríà, oṣù kọkànlá ti wọlé, ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, omi náà sì ti mọ́ gaara. Omi dúdú yìí ló ń jẹ́ kí Kainji rí iṣẹ́ ṣe nígbà tí òjò ti dá.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti díjú. Ẹni tó ń ṣàkóso dáàmù ń fẹ́ kí adágún kún dáadáa, kí iná má baà dín kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n adágún tó ti kún kò ní àyè mọ́ fún òjò tó bá tún rọ̀. Bí òjò bá wá pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju pé kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn omi sílẹ̀, kí ògiri má baà wó.

Dáàmù lè gba ará ìsàlẹ̀ odò lọ́wọ́ ẹ̀kún omi, ó sì lè pèsè iná. Kò lè ṣe méjèèjì dé ojú àmì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá fi àyè sílẹ̀ fún òjò, iná tí wọn ìbá tà ni wọ́n pàdánù. Bí wọ́n bá kún adágún dẹ́nu, ará ìsàlẹ̀ odò ló ń gbé nínú ewu. Iná ni wọ́n ń san owó rẹ̀ fún ilé iṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń san owó àyè tó ṣófo nínú adágún.

Àǹfààní tí kò ṣeé sẹ́

Yàtọ̀ sí iná, dáàmù ń mú omi wá fún oko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí omi adágún Kainji bá fà sẹ́yìn lọ́dọọdún, àwọn àgbẹ̀ máa ń gbin nǹkan sórí ilẹ̀ tútù tó fi sílẹ̀ létí rẹ̀.

Ẹja náà wà níbẹ̀. Adágún náà, tó fẹ̀ ju 1,200 kìlómítà níbùú lóròó, ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di apẹja, ẹja gbígbẹ láti ibẹ̀ sì ń dé ọjà káàkiri. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ẹja inú omi tí kò níyọ̀ fi wà ní New Bussa. Ọgbà ẹranko Kainji Lake náà wà nítòsí.

Bákan náà, bí gáàsì bá wọ́n tàbí tí páìpù gáàsì bá bàjẹ́, iná láti inú omi ni kì í jẹ́ kí gbogbo Nàìjíríà wà nínú òkùnkùn.

Àǹfààní yìí tún di ọ̀rọ̀ òṣèlú láàárín orílẹ̀-èdè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Nàìjíríà fi ń ta iná fún orílẹ̀-èdè Niger, tí Odò Ọya ń gbà kọjá kó tó wọ Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niamey ní oṣù keje ọdún 2023, ọ̀kan lára ohun tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gé iná náà, òkùnkùn sì bo ọ̀pọ̀ ibi nílùú ọ̀hún. Orílẹ̀-èdè Niger ń kọ́ dáàmù tirẹ̀ báyìí ní Kandadji, lókè odò. Bí ó bá parí, bí wọ́n bá ṣe ń tú omi rẹ̀ sílẹ̀ yóò kan iye tó ń dé Kainji.

Kí ni odò àti àwọn ará ibẹ̀ pàdánù?

Kó tó di pé wọ́n kọ́ dáàmù, Odò Ọya máa ń kún bo àkùrọ̀ lọ́dọọdún, á sì fi ẹrẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ kó tó fà. Lórí ilẹ̀ yẹn ni àwọn àgbẹ̀ Nupe ní ìpínlẹ̀ Niger àti Kwara ti ń gbin ìrẹsì àti ìrèké láìlo ajílẹ̀.

Dáàmù yí ètò yìí padà. Ẹrẹ̀ ọlọ́ràá náà ń sílẹ̀ sínú adágún, kì í dé oko mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Omi tó yẹ kó kún díẹ̀díẹ̀ lásìkò tí àgbẹ̀ mọ̀ wá ń dé nígbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn. Lọ́dún kan kò ní tó bo àkùrọ̀. Lọ́dún mìíràn, á bo ìrẹsì tó ti gbó, tó ku díẹ̀ kí wọ́n kórè.

Ẹja pàápàá rí ìyípadà. Àwọn kan wà tó máa ń wẹ lọ sókè odò tàbí wọ inú àkùrọ̀ lọ yé ẹyin. Ògiri dí ọ̀nà fún wọn. Ní Kainji, ẹja pọ̀ gan-an ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí oúnjẹ pọ̀ nínú ewéko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rì, lẹ́yìn náà ló dín kù. Nísàlẹ̀ dáàmù, àwọn apẹja rí i pé ohun tí wọ́n ń pa kò tó ti àtẹ̀yìnwá.

Àìsàn náà ń bá adágún rìn. Omi tó dúró sójú kan tí koríko wà létí rẹ̀ ni ìgbín kékeré inú omi fẹ́ràn, inú ìgbín yìí sì ni kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá ti ń dàgbà kó tó wọ ara èèyàn. Àwọn ọmọdé tó ń wẹ̀ nínú omi ló sábà máa ń kó o jù. Wọ́n rí àìsàn yìí létí adágún Volta ní Ghana, wọ́n sì rí i ní àwọn abúlé tó wà nítòsí dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Nígbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn omi

Lọ́dún 2012, Nàìjíríà rí ẹ̀kún omi tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò rí irú rẹ̀ rí. Àjọ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, NEMA, sọ pé èèyàn 363 ló kú, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló sì sá kúrò nílé. Lọ́dún 2022, ó tún ṣẹlẹ̀. Àwọn tó kú lé ní 600, omi gé ojú ọ̀nà Lokoja sí Abuja, ọkọ̀ tó ń gbé epo kò rí ibi gbà kọjá, epo bẹntiró sì wọ́n ní Abuja.

Òjò àrọ̀ìrọ̀dá ló pilẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n omi tí àwọn dáàmù tú sílẹ̀ kún un, èyí tó wà ní Nàìjíríà àti èyí tó wà lẹ́yìn ààlà.

Dáàmù Lagdo ní orílẹ̀-èdè Cameroon ni àwọn ará Nàìjíríà máa ń dárúkọ jù. Odò Benue ni wọ́n kọ́ ọ lé, láàárín ọdún 1977 sí 1982. Iná rẹ̀ kò pọ̀, megawatt 72 péré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, Adamawa ni omi náà ń kọ́kọ́ dé, kó tó kọjá sí Taraba, Benue àti Kogi, níbi tí yóò ti pàdé Odò Ọya ní Lokoja.

Nígbà tí Cameroon ń kọ́ Lagdo, àdéhùn wà pé Nàìjíríà náà yóò kọ́ dáàmù ńlá kan sí Dasin Hausa ní Adamawa, kí ó lè máa gba omi tí Lagdo bá tú sílẹ̀. Wọ́n ní yóò tóbi ju Lagdo lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, yóò mú iná wá, yóò sì bomi rin oko. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, Nàìjíríà kò tíì kọ́ ọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tú omi sílẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn aláṣẹ Lagdo sọ fún Nàìjíríà ṣáájú pé àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mítà onígun mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn yóò sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ láì kọjá 1,000. Àjọ NIHSA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò ní Nàìjíríà, kéde rẹ̀ kí àwọn ìpínlẹ̀ tó wà létí odò lè múra sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ṣáájú lè kó ọmọ àti ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́nà.

Ní oṣù yẹn kan náà, dáàmù Alau nítòsí Maiduguri ya, omi sì bo apá tó pọ̀ nínú ìlú náà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún èèyàn ló sá kúrò nílé. Alau kì í ṣe dáàmù oníná, omi mímu àti omi oko ni wọ́n kọ́ ọ fún láàárín ọdún 1980 sí 1989. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ni ni pé ògiri tí wọn kò bá bojú tó lè di ewu fún ìlú tó ń mu omi rẹ̀.

Ghana náà mọ ìtàn yìí

Ní Ghana, Ààrẹ Kwame Nkrumah ṣí dáàmù Akosombo ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966. Adágún Volta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fẹ̀ ju 8,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ní ti ojú ilẹ̀ tó gbà, kò sí adágún àtọwọ́dá tó tóbi tó o lágbàáyé. Nǹkan bíi èèyàn 80,000 ló kúrò nílé nítorí rẹ̀.

Akosombo gbé Ghana lárugẹ. Ó fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe alumíníọ̀mù ní Tema ní iná, Togo àti Benin náà sì jẹ nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ odò, ìṣáwùrú tí àwọn obìnrin ń wà tà dín kù, ẹrẹ̀ tó ń gbé etíkun ró kò dé òkun mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, èyí sì wà lára ohun tó mú kí òkun máa jẹ ilẹ̀ lápá Keta.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, adágún náà kún jù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi sílẹ̀. Omi bo Mepe àti àwọn ìlú mìíràn ní agbègbè Tongu. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá èèyàn ló di ẹni tí kò nílé. Àwọn aláṣẹ dáàmù ní àwọn ti kìlọ̀ ṣáájú, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì ní ìkìlọ̀ náà kò tó.

Nílẹ̀ Yorùbá ńkọ́?

Dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1983, ló sún mọ́ àwọn ará Èkó àti Abẹ́òkúta jù. Omi tí àwọn ìlú méjèèjì ń mu ń wá láti ibẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ iná mẹ́ta sí i, megawatt mẹ́ta mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀rọ náà fi wà níbẹ̀ láìṣiṣẹ́.

Lọ́dọọdún, bí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì tú omi Ọ̀yán sílẹ̀, odò Ògùn máa ń kún, àwọn tó ń gbé ní Ìṣẹ̀rì àti agbègbè rẹ̀ á sì máa kó ẹrù sókè. Àwọn aláṣẹ máa ń rán wọn létí pé ọ̀nà omi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́lé sí. Òótọ́ ni. Òótọ́ náà sì ni pé ẹnìkan ló fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn ilé náà.

Ṣé iná inú omi kò ba àyíká jẹ́ lóòótọ́?

Bí wọ́n bá fi wé èédú tàbí epo dísù, ó mọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n igi àti ewéko tó bá rì sábẹ́ adágún máa ń jẹrà, afẹ́fẹ́ methane á sì máa jáde láti inú wọn. Methane wà lára afẹ́fẹ́ tó ń mú kí ayé gbóná. Adágún tó fẹ̀ tí kò jìn, ní ilẹ̀ olóoru, ló máa ń tú u sílẹ̀ jù.

Ìyípadà ojú ọjọ́ náà ń dán dáàmù wò. Bí òjò bá wọ́n, iná á dín kù. Ghana rí èyí lọ́dún 2006 sí 2007, nígbà tí omi Akosombo lọ sílẹ̀ tí wọ́n sì ń pín iná lò. Bí òjò bá pọ̀ jù, ẹ̀kún omi á dé. Ìwé ìṣirò òjò àádọ́ta ọdún sẹ́yìn tí wọ́n fi kọ́ dáàmù kì í fi gbogbo ìgbà bá òjò òde òní mu mọ́.

Kí ló lè yí ọ̀rọ̀ náà padà?

Lọ́dún 2010, Nàìjíríà ṣe òfin tó dá àjọ HYPPADEC sílẹ̀ láti máa ṣètọ́jú àwọn agbègbè tí dáàmù oníná kàn. Apá kan nínú owó tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń mú iná jáde ń rí ló yẹ kó máa wọlé fún un. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu.

Àwọn onímọ̀ nípa odò sọ pé àwọn nǹkan kan wà tí kò nílò dáàmù tuntun rárá. Wọ́n lè fi àyè sílẹ̀ nínú adágún ṣáájú òjò, kódà bí iná bá dín kù díẹ̀. Wọ́n lè máa tú omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lásìkò tó bá ti àgbẹ̀ mu. Wọ́n lè kó ẹrẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì máa yẹ ògiri wò lóòrèkóòrè. Ìkìlọ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ dé abúlé ní èdè tí wọ́n gbọ́, lórí rédíò àti láti ẹnu baálẹ̀, kì í ṣe nínú ìwé tó ń lọ láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn nìkan.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹni tó bá tan iná ní Èkó, ní Ìbàdàn tàbí ní Kano lálẹ́ òní lè máà rí Odò Ọya rí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà ní Borgu, ní Jẹ́bà àti lórí àkùrọ̀ Nupe tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run ní àsìkò òjò, tí wọ́n ń dúró de ìròyìn pé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn omi. Bí ìròyìn náà bá tètè dé, wọn á rí ọmọ àti irè oko wọn kó.